Igba Ojú Tí Kò Bá Wa Wọ Bàálù

Ìyá Ìbejì ti Òkèfìà, mo kí yín, mo sì kí àwọn ọmọ. Ẹ ní ọkọ yín ti ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì láti ọdún méjì sẹ́yìn, pé físà yín àti ti àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní pẹ́ jáde mọ́, pé àkọ́bí yín obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí àwọn ìbejì sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ẹ wá béèrè ohun tí ẹ lè ṣe kí ilé yín má baà dàrú ní ilẹ̀ àjèjì, àti bóyá kí ẹ mú màmá yín dání. Àkọ́bí tèmi náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ní ọdún 2012 tí a kúrò ní Òṣogbo lọ bá bàbá rẹ̀ ní ìlú Stuttgart ní Jámánì, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọdún mọ́kànlá ni a lò níbẹ̀ kí a tó padà wálé. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ jẹ́ àṣìṣe tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, tí n kò sì fẹ́ kí ẹ̀yin tún ṣe.

Gbogbo ènìyàn ni yóò máa fi òtútù dẹ́rù bà yín. Ẹ má dá wọn lóhùn. Òtútù ní aṣọ tirẹ̀, owó ni wọ́n fi ń ra aṣọ náà, ọ̀rọ̀ sì parí. Àìsí ènìyàn ni kò ní aṣọ. Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Ní ilé àwọn ọkọ mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, n kò ka òwe yìí sí nǹkan kan, nítorí pé igba ojú náà wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí mo bá fẹ́ lọ sí Ọjà Ọba, ọmọ yóò ti wà lẹ́yìn ìyàwó àbúrò ọkọ mi kí n tó wá bàtà mi. Bí mo bá pẹ́ dé, ẹnìkan ti fún un ní oúnjẹ, ẹlòmíràn ti bá a wí, ẹ̀kẹta ti wẹ̀ ẹ́, n kò sì ní mọ ẹni tí ó ṣe èwo. Ní Stuttgart, ojú mẹ́rin péré ni ó kù, méjì nínú rẹ̀ sì ti máa ń jáde nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀.

Ìjà àkọ́kọ́ tí èmi àti ọkọ mi jà níbẹ̀, lórí àwo ni. N kò tíì rí ọkọ mi kí ó fọ àwo rí ní Òṣogbo, n kò sì bínú sí i rí nítorí rẹ̀, torí pé kò sí ọjọ́ kan tí kò sí ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Àìpẹ́ tí a débẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọ̀lẹ nínú ọkàn mi, òun náà sì ń pè mí ní aláṣejù nínú ọkàn tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó yí padà nínú wa. Iṣẹ́ tí ènìyàn márùn-ún ń ṣe láìkà á sí iṣẹ́ ni ó já lé ènìyàn méjì lórí. Ẹ pe ọkọ yín lórí fóònù kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta ni yóò gbé àwọn ìbejì lọ, ta ni yóò gbé wọn bọ̀, ta ni yóò se oúnjẹ ní ọjọ́ wo, ta ni yóò dúró nílé bí ara ọmọ bá gbóná. Ti ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2024 àti 2025, òbí kọ̀ọ̀kan tí ó ń ṣiṣẹ́, tí ó sì wà nínú ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba, ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ 15 lọ́dún fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò tíì pé ọdún 12 láti fi tọ́jú rẹ̀ nígbà àìsàn, adójútòfò yóò sì san èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ tí ó pàdánù. Ojú máa ń ti àwọn ọkùnrin wa láti béèrè fún un níbi iṣẹ́. Kí ojú má ti tiyín.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí jẹ́lé-ó-sinmi. Ní Òṣogbo, orúkọ náà rò ó, nítorí pé bí wọ́n bá ti gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni ní ẹnu géètì, ilé ti sinmi nìyẹn. Ní Jámánì, ilé kò ní sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Eingewöhnung, nínú èyí tí òbí kan yóò máa bá ọmọ jókòó nínú kíláàsì. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò kọjá kí wọ́n tó ní kí òbí jáde wò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn yóò sì máa fi kún àkókò náà díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ yóò fi gbà kí olùkọ́ rẹ̀ rẹ òun lẹ́kún. Èmi rò pé wọ́n ń ṣọ́ mi ni. Mo jókòó sórí àga kékeré tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, mo di ojú pọ̀, mo sì ń ka aago, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ọ́fíìsì tí mo ti ṣe àdéhùn fún ṣe bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ má gba iṣẹ́ kankan, ẹ má sì forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì kankan, ní àkókò tí àwọn ìbejì bá ń bẹ̀rẹ̀. Láti August 2013 ni òfin ti fún ọmọ tí ó bá ti pé ọdún kan ní ẹ̀tọ́ sí àyè, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yàtọ̀ sí àyè. Kí ọkọ yín ti forúkọ wọn sílẹ̀ kí ẹ tó dé.

Àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kì í fa ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àyàfi ẹni tí òbí bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé wọn. N kò mọ̀. Ní ọjọ́ kan tí ọkọ̀ ojú irin dá mi dúró, mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìkìrun, pé kí ó bá mi gbé ọmọ. Wọn kò fún un. Ọmọ mi ń pè é ní àǹtí, ó ń na ọwọ́ sí i, wọn kò sì fún un. Nígbà tí mo fi máa dé, ọ̀rẹ́ mi ń sunkún ní ìta, olùkọ́ náà sì ń wò mí bí ẹni tí ó fẹ́ ta ọmọ rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo lọ kọ orúkọ ènìyàn mẹ́ta sílẹ̀, ẹnìkan nínú wọn sì ni màmá àgbà tí ó ń gbé òkè wa, ẹni tí kì í dá mi lóhùn bí mo bá kí i ní oṣù tí a kọ́kọ́ dé.

Ó yẹ kí n sọ bí ti màmá yìí ṣe jẹ́. Ní agbègbè Stuttgart, wọ́n ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní Kehrwoche, ìyẹn ọ̀sẹ̀ ìgbálẹ̀. Pátákó kékeré kan ni wọ́n máa ń fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó kàn. Ẹni náà ni yóò gbá àtẹ̀gùn, tí yóò sì nù ún, kí ó tó gbé pátákó náà lọ sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò tí ó tẹ̀ lé e. Mo bá a ní ẹnu ọ̀nà wa, mo rò pé ìpolówó ọjà ni, mo sì jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹnikẹ́ni kò gbá àtẹ̀gùn, tí màmá náà ń wò mí ní wíwò tí kò dára, tí èmi náà sì ń sọ fún ọkọ mi pé àwọ̀ wa ni wọn kò fẹ́. N kò sọ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò sí níbẹ̀ o. Ó wà, ẹ ó sì rí i. Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ ni èyí. Ojú tì mí ju bí mo ti lè sọ lọ, nítorí pé inú ilé alájọgbé ni mo dàgbà sí ní Òṣogbo, níbi tí a ti ń gbá àgbàlá ní kíkàn, tí ìyá mi kì í sì í jẹ́ kí tiwa yẹ̀. Mo gbá àtẹ̀gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo se mọ́ínmọ́ín, mo gbé e lọ fún un pẹ̀lú pátákó rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni màmá náà fi bá mi gbé ọmọ wálé nígbàkigbà tí mo bá pẹ́.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ àkọ́bí yín ni ó jẹ mí lógún jù. Yóò gbọ́ èdè Jámánì kíákíá, kí ọdún kan tó pé yóò ti gbọ́ ọ ju yín lọ, ẹ ó sì fẹ́ máa mú un lọ síbi gbogbo gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Mo mú tèmi lọ sí báńkì, sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, sí ilé-ìwé àbúrò rẹ̀. Ní ọdún 2013, mo wà nínú oyún oṣù mẹ́ta, mo rí ẹ̀jẹ̀, ọkọ mi sì wà níbi iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ni mo bá mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà náà wo ọmọ, ó wo mí, ó béèrè bóyá kò sí àgbàlagbà kankan. Mo ní kí ọmọ dá a lóhùn pé kò sí. Ọkùnrin náà bá rọra sọ̀rọ̀. Ọmọ mi dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, “Màámi, wọ́n ní ọmọ yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́.” Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà sílé, òun ni ó ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ó ti ń yọ lára ohun tí ó ń túmọ̀ fún mi. Lẹ́tà tí ilé-ìwé kọ pé kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré ní àkókò ìsinmi, ìpàdé òbí ni ó pè é. Kò fẹ́ kí inú mi bàjẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ ń yan ohun tí yóò gbọ́ fún, báwo ni yóò ṣe bá ọmọ náà wí? Oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni mo wọ kíláàsì tí ìjọba ṣètò fún àwọn àlejò, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 600 lórí èdè àti 60 nígbà náà lórí òfin, ìtàn àti ìgbésí ayé ìlú náà, ìṣẹ́jú 45 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbà mí tó ọdún kan, mo sì kọ́kọ́ fìdí rẹmi nínú ìdánwò rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Nàìjíríà. Goethe-Institut, ilé-ẹ̀kọ́ èdè Jámánì, wà ní Èkó. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti kan ara yín, ọmọ kọ́ ni ẹ ó mú dání. Ẹ wá àgbàlagbà, kódà bí ẹ kò bá fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ti màmá yín, ẹ má mú un dání nísinsìnyí. Físà àbẹ̀wò kò kọjá 90 ọjọ́ láàárín 180 ọjọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ní adójútòfò ìlera tí yóò tó 30,000 owó Euro. Ìyá mi wá ní November 2015 tí mo bí àbíkẹ́yìn wa, ó fẹ́ wẹ ọmọ. Adójútòfò ìlera ti ń sanwó fún agbẹ̀bí tí ń wá wò wá nílé, èyí tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ìyá ọlọ́mọ títí di ọ̀sẹ̀ 12, agbẹ̀bí náà sì ní kí a má máa wẹ ọmọ lójoojúmọ́. N kò ní kọ ohun tí ìyá mi sọ síbí. Àwọn méjèèjì padà mọwọ́ ara wọn, nítorí pé agbẹ̀bí náà rí bí ó ṣe ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn mi, ó sì ní kí ó kọ́ òun. Ṣùgbọ́n bí agbẹ̀bí bá ti lọ tán, ojú fèrèsé ni ìyá mi máa ń jókòó sí. Ilẹ̀ ń ṣú kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, kò sí ẹni tí yóò kí, kò sí ẹni tí yóò kí i. Ó ń fi ìlà sára kàlẹ́ńdà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó wá, ó di oṣù May, nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín bá ti mọ ọ̀nà ọjà.

Ti pàṣán kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: láti ọdún 2000 ni òfin Jámánì ti sọ pé a kò gbọdọ̀ na ọmọ, kódà nínú ilé ẹni. Ẹ fi í sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ilé-ìwé sì jẹ́ dandan. Ẹni tí ó bá mú ọmọ rìnrìn-àjò kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú, lè san owó ìtanràn. Oore tí Ọlọ́run ṣe ni pé ìsinmi gígùn wọn ní agbègbè Stuttgart, láti ìparí July títí wọ inú September, bọ́ sí àkókò ọdún Ọ̀ṣun. Àkókò náà ni àwa máa ń mú àwọn ọmọ wálé bí owó bá wà, láàárín èrò ọdún yẹn ni Yorùbá sì ti ń padà sẹ́nu wọn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń bá wọn sọ èdè mìíràn.

Ẹ má di ẹran gbígbẹ tàbí wàrà sínú ẹrù, wọn yóò gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹja gbígbẹ kò ní wàhálà bí kò bá ti kọjá 20 kílò. Gàárì àti èlùbọ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn wa níbẹ̀, ó kàn wọ́n ni. Kí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú báàgì ọwọ́ yín, kì í ṣe inú àpótí, nítorí pé láti March 2020, jẹ́lé-ó-sinmi kankan kò gbọdọ̀ gba àwọn ìbejì láìrí ẹ̀rí abẹ́rẹ́ èéyi.