Ẹ Bi Wá: Omi gọ́tà bárékè àti ìgò tí a fi bù ú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àwa la ń bójú tó gọ́tà nínú bárékè ológun kan létí ọ̀sà, ní Erékùṣù Èkó. A fi kẹ́ẹ̀gì bu àgbàrá tó ń ti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì bọ̀, lábù ní kò fi bẹ́ẹ̀ sí epo níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ojú wa ló rí i tó ń dán lórí omi. Ṣé lábù ló ṣì í ni?

Ìdáhùn: Ẹ fi lábù sílẹ̀ ná. Epo máa ń lẹ̀ mọ́ ike. Ara kẹ́ẹ̀gì yín ló kù sí. Ìgò dígí ẹlẹ́nu gbòòrò, lítà kan, ni kí ẹ lò. Ẹ ní kí lábù fún yín ní èyí tí wọ́n ti kán ásíìdì sí, kí pH omi náà (òǹkà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó) lè wálẹ̀ ju 2 lọ. Ẹ má ṣan ìgò náà, ẹ má sì fi korobá bù ú kí ẹ tó dà á sínú rẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́nu gọ́tà, kí omi já bọ́ sínú rẹ̀ tààrà, kí ẹ sì dúró kó tó kún dẹ́nu: tó bá kún àkúnya, epo tó léfòó àti ásíìdì ló máa kọ́kọ́ bá a lọ. Inú kúlà oníyìnyín ló kàn, kó má gbóná ju 6°C lọ. Ẹ bu méjì, torí odindi ìgò kan ni lábù máa lò tán lẹ́ẹ̀kan.

Àsìkò náà ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ wá bù ú láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí àgbàrá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Lẹ́yìn ìyẹn, òjò ti fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Ohun tó máa ń tan àwọn ará Erékùṣù jẹ ni ọ̀sà fúnra rẹ̀. Tó bá ń kún, ó máa ń ti omi padà sínú gọ́tà, omi ọ̀sà lẹ ó sì máa bù. Mítà iyọ̀ lè tú àṣírí yẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ láàárín òjò ńlá, ọ̀sà Èkó náà kì í níyọ̀ mọ́. Ẹ kàn ju ewé kan sómi. Tó bá ń bọ̀ wá bá yín dípò kó máa lọ, ẹ dúró di ìgbà tí ọ̀sà bá fà.

Ìbéèrè: Ṣé ìgò kan náà la máa fi bu omi ilé ìdáná àti ti ilé ìgbẹ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Àyẹ̀wò ibẹ̀ yàtọ̀. Ti BOD (ìwọ̀n ọ́síjìn tí kòkòrò inú omi ń lò láti jẹ ìdọ̀tí), ike mímọ́ ni, kó kún dẹ́nu, kò gbọdọ̀ sí ásíìdì: kòkòrò inú omi ni àyẹ̀wò náà gbẹ́kẹ̀ lé, ásíìdì á sì pa wọ́n. Ó lè dúró nínú yìnyín fún wákàtí 48. Ti kòkòrò àrùn kò lè ju wákàtí mẹ́jọ lọ, nítorí náà ẹ ro ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́ ọn. pH ò tilẹ̀ ní í dúró de ọkọ̀. Ẹsẹ̀ gọ́tà níbẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kó tó pé ìṣẹ́jú 15.

Ọjọ́ márùn-ún ni BOD ń gbà. Èyí tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Sátidé ni wọ́n máa kà á. Ẹ bèèrè kí ẹ tó gbé e lọ bóyá ẹnì kankan máa wà níbẹ̀.