Ta ló ń bá bàálù balẹ̀: awakọ̀ ni àbí kọ̀ǹpútà?

Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé àwọn awakọ̀ bàálù òde òní ò lè fọwọ́ ara wọn balẹ̀ mọ́, pé autopilot (ẹ̀rọ tó ń wa bàálù fúnra rẹ̀) ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Rárá o. Ọwọ́ èèyàn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìbàlẹ̀ ojoojúmọ́. Ọjọ́ tí kùrukùru bá bo rọ́nwéè ni autoland (kí autopilot fúnra rẹ̀ bá bàálù balẹ̀) wúlò jù, ó sì fẹ́ kí ILS ibẹ̀, ìyẹn rédíò ilẹ̀ tó ń tọ́ bàálù wá sí rọ́nwéè, péye. Tí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ bá ti ju nǹkan bíi nọ́ọ̀tì (máìlì orí òkun ní wákàtí kan) 20 sí 25 lọ, kò gbà á mọ́. Ẹ ò rí i pé ọjọ́ tí atẹ́gùn bá ń gbo bàálù jìgìjìgì gan-an ni wọ́n máa ń dá iṣẹ́ padà fún awakọ̀!

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ọwọ́ kì í rí iṣẹ́ ṣe kí ọjọ́ náà tó dé. Kò pẹ́ tí bàálù gbéra tí wọ́n ti ń tan autopilot. Láti ẹsẹ̀ bàtà 29,000 dé 41,000, òfin RVSM, ìyẹn òfin àlàfo tó wà láàárín bàálù lókè, fẹ́ kí autopilot máa di gíga mú, torí ẹsẹ̀ bàtà 1,000 péré ló wà láàárín bàálù kan àti èyí tó ń kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá máa fi pa á, ilẹ̀ ti sún mọ́. Síbẹ̀ ojú ló máa ń kọ́kọ́ gbàgbé iṣẹ́ ṣáájú ọwọ́. Ojú awakọ̀ tó dáńtọ́ máa ń lọ sí eré, sí gíga, sí rọ́nwéè níta, á tún padà sí eré láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Tí autothrottle (ẹ̀rọ tó ń darí throttle, ìyẹn ọwọ́ agbára ẹ́ńjìnnì, fúnra rẹ̀) bá ti bá èèyàn ṣọ́ eré fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú ò ní yà síbẹ̀ mọ́.

Ẹ wo ìjàǹbá bàálù Asiana 214, Boeing 777, San Francisco, ọjọ́ 6 oṣù Keje 2013. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Glideslope rọ́nwéè 28L, apá ILS tó ń fi ipa ìsọ̀kalẹ̀ hàn, ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ojú ni wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n. Bàálù ga jù. Awakọ̀ tẹ FLCH, bọ́tìnnì tó ń gbé bàálù lọ sí gíga tí wọ́n bá tò sílẹ̀, kó lè sọ̀ kalẹ̀ kíá, àmọ́ ẹsẹ̀ bàtà 3,000 ni wọ́n ti tò sínú rẹ̀ de ìgbà tí wọ́n bá ní láti padà sókè, ni bàálù bá fẹ́ máa gòkè. Ó yọ autopilot, ó fa throttle sẹ́yìn pátápátá. Ohun tó pa wọ́n lára nìyẹn: téèyàn bá fọwọ́ fa throttle báyẹn nínú FLCH, autothrottle á bọ́ sí HOLD, ìyẹn ni pé á fi throttle sílẹ̀ níbi tó wà, kò sì ní ṣọ́ eré mọ́. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Nọ́ọ̀tì 137 ni eré tí wọ́n fẹ́. Ní ẹsẹ̀ bàtà 500, eré náà ṣì dára, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì wà ní idle (agbára tó kéré jù), bàálù sì ń já wálẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,200 ní ìṣẹ́jú kan, dípò bí 700. Bó ṣe ku 200 ni ojú wọn tó là. Ó ti kọjá 100 kí wọ́n tó ní kó padà sókè, eré sì ti já dé 103. Ìrù gbá ògiri etí omi, èèyàn 3 kú nínú 307. Oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà ni FAA, àjọ tó ń bójú tó bàálù ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé sáwọn iléeṣẹ́ bàálù pé kí wọ́n jẹ́ káwọn awakọ̀ máa fọwọ́ wà á.

Ní Schiphol, pápákọ̀ òfuurufú Amsterdam, lọ́dún 2009, radio altimeter (ẹ̀rọ tó ń wọn bí bàálù ṣe jìnnà sílẹ̀ tó) Boeing 737 kan ní bàálù ti wà ní ẹsẹ̀ bàtà −8, ìyẹn nísàlẹ̀ ilẹ̀! Autothrottle gbà á gbọ́, ó fa throttle sí idle, èèyàn 9 sì kú. Throttle Boeing máa ń rìn fúnra rẹ̀, ọwọ́ tó bá wà lórí rẹ̀ á mọ̀. Ti Airbus kì í rìn, á dúró sójú CLB (àmì ìgòkè) gbagidi, ojú lẹ máa fi ka N1, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí hàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wà á, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ ṣe é, tí ìlànà iléeṣẹ́ yín sì gbà á, ẹ mú ọjọ́ tójú ọjọ́ dáa, tí rédíò ò kún. Ẹ sọ fún ẹnì kejì yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Lórí 737, ẹ yọ autopilot, ẹ yọ autothrottle, kẹ́ ẹ pa flight director méjèèjì, ìyẹn àmì ojú ẹ̀rọ tó ń júwe ibi tó yẹ kẹ́ ẹ darí imú sí. Èyí tó léwu ni ààbọ̀-ààbọ̀. Lórí Airbus, tẹ́ ẹ bá pa flight director kan tẹ́ ẹ sì fi ìkejì sílẹ̀ nínú open descent (ìsọ̀kalẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì wà ní idle), autothrust, ìyẹn autothrottle ti Airbus, á jókòó sí idle. Ìgbà tí méjèèjì bá kú ló ń padà sí SPEED, tí á sì máa ṣọ́ eré. Ẹ ṣe é láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,500, ó kéré tán. Ẹni tó dúró dé 200 kó tó yọ autopilot ò tíì mọ bí bàálù ṣe wúwo lọ́wọ́ tí rọ́nwéè fi dé. Tó bá tún jẹ́ 737 tí autopilot méjì ń wà, láti ẹsẹ̀ bàtà 400 ni trim (ẹ̀rọ ìrù tó ń mú kí imú dúró síbi kan) ti ń gbé imú sókè. Bẹ́ ẹ ṣe yọ ọ́, imú á fò sókè, àfi kẹ́ ẹ tì í.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Ẹ fi 5 sọ eré orí ilẹ̀ di púpọ̀: nọ́ọ̀tì 140 á fún yín ní ìsọ̀kalẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 700 ní ìṣẹ́jú kan. Fún máìlì orí òkun kọ̀ọ̀kan tó kù kẹ́ ẹ dé rọ́nwéè, ẹsẹ̀ bàtà 300 ni gíga yín. Iná PAPI tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́nwéè, funfun méjì, pupa méjì ló fi hàn pé gíga yín dáa. Rọ́nwéè tóóró máa ń tan ojú jẹ pé ẹ ga jù, lẹ ó bá lọ sísàlẹ̀ jù. Èyí tó fẹ̀ á mú kẹ́ ẹ gbé imú ṣáájú àkókò.

Ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20, ẹ gbé ojú lọ sí òpin rọ́nwéè, kẹ́ ẹ gbé imú ní ìwọ̀n (degree) 2 sí 3 péré, kẹ́ ẹ máa fa throttle díẹ̀díẹ̀ kó lè dé idle bí taya ṣe ń kan ilẹ̀. Ẹni tó bá ń wo abẹ́ imú bàálù ò ní mọ ìgbà tó yẹ kó gbé e, á sì já lulẹ̀ gbì.

Ẹni tí kò wà á lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ké eré àti ìsọ̀kalẹ̀ síta. Ní 500, tí throttle bá ṣì wà ní idle, “go-around” (ká padà sókè) ni kó pè, ì báà jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló jókòó lápá òsì. Nínú Asiana yẹn, awakọ̀ kẹta tó wà lẹ́yìn wọn pe “sink rate”, ìyẹn pé bàálù ń sọ̀ yára jù, léraléra, síbẹ̀ ó ti kọjá 100 kí wọ́n tó padà sókè.