Ìwé àkókò ọkọ̀ ojú irin: òkè rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ń yí àkókò ọkọ̀ ojú irin padà lemọ́lemọ́, ṣé kò tó gẹ́ẹ́ kí wọ́n yéé tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí ọkọ̀ yóò gbéra máa wò ó lórí fóònù rẹ̀. Èmi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ná lówó, tó sì ti ba orúkọ mi jẹ́ lọ́dọ̀ oníbàárà, kò gbà bẹ́ẹ̀. Bébà kọ́ ló ṣì mí lọ́nà. Àkókò tí kò ní déètì lórí ló ṣì mí lọ́nà, orí fóònù ni mo sì ti rí i.

Àdìrẹ ni mò ń rẹ, òun náà ni mò ń tà, níhìn-ín ní Òṣogbo. Láti ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà irin tuntun tó gùn ní kìlómítà 157 láàárín Èkó àti Ìbàdàn, mo máa ń wọ mọ́tò láti Òṣogbo lọ sí ibùdókọ̀ Mọ́níyà ní Ìbàdàn nígbàkigbà tí mo bá ní ẹrù fún àwọn oníbàárà mi ní Èbúté-Mẹ́ta, ibẹ̀ ni n óò sì ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí kì í jẹ́ kí n bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà márosẹ̀ pàdé. Àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti Òṣogbo kò dà bí ẹni tó ń gbé Ìbàdàn. Tí ọkọ̀ bá ti lọ mọ́ mi lójú, n kò lè padà sílé lọ sinmi kí n tó tún jáde wá.

Lọ́jọ́ kan lọ́dún 2023, mo fẹ́ gbé àdìrẹ 40 tí ìdílé kan ní kí n rẹ fún ìgbéyàwó ọmọ wọn lọ sí Èkó. Àbúrò mi kan fi àwòrán àkókò ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹlòmíràn ló fi ránṣẹ́ sí òun náà, onítọ̀hún sì ti gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, àkókò náà hàn gedegbe, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun mọ́.

Àkùkọ kò tíì kọ tí mo fi kúrò nílé. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Mọ́níyà, ibùdókọ̀ ti pa lọ́lọ́, obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ti ń to ìgò rẹ̀ padà sórí àtẹ, n kò sì rí ẹyọ ẹnì kan tó gbé ẹrù. Ọkọ̀ ti lọ láti nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Mo gbé fóònù mi fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó wo àwòrán náà, ó wá nawọ́ sí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì, ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka òkè rẹ̀.” Ọjọ́ tí àkókò tuntun bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó tún fa dúrọ́ọ̀ kan, ó mú bébà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde. Èyí gan-an ni wọ́n yà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Déètì wà lórí òun náà. Ẹni tó yà á ló gé òkè rẹ̀ kúrò kí nọ́ńbà àkókò lè tóbi dáadáa, ibi tó gé kúrò yẹn sì ni déètì wà.

Mo háyà mọ́tò lọ sí Èkó. Owó tí mo san gbé èrè aṣọ náà lọ, ilẹ̀ sì ti ṣú kí n tó dé. Ìyá ìyàwó ti lọ ra aṣọ mìíràn lọ́jà. Ó gba 15 nínú 40 náà, ó dá ìyókù padà, kò sì tún ránṣẹ́ sí mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó dùn mí púpọ̀ nítorí pé ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni mí. Ọdún 1907 ni ọ̀nà irin tó ti Èkó bọ̀ wọ Òṣogbo, kí ó tó kọjá sí Ìlọrin àti Jẹ́bà, tẹ́ṣàn wa yìí ni bàbá mi sì ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Férémù onígi kan wà lára ògiri níbẹ̀ tí ìwé àkókò máa ń wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àyípadà bá dé, bàbá mi kì í kàn fa ti àtijọ́ ya. Yíǹkì pupa ni yóò fi kọ ọjọ́ tí ó parí sí i lórí, yóò sì fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹni tó ti mọ ti àtijọ́ sórí lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí mọ́.

Òun náà ló jẹ́ kó yé mi pé àyípadà àkókò kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Irin kan ṣoṣo ni ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń lò lójú ọ̀nà àtijọ́ yẹn, nítorí náà ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró ní tẹ́ṣàn tó ní irin kejì, bóyá ní Ìkirun tàbí ní Ọ̀fà, kí èkejì tó lè kọjá. Tí wọ́n bá sún ọkọ̀ kan síwájú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó di dandan kí wọ́n sún èyí tí yóò pàdé rẹ̀, àti èyí tó tún ń dúró de ìyẹn. Kò sí bí àkókò ọkọ̀ yóò ṣe wà lójú kan títí ayé.

Àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí pẹ́ jù wá lọ náà bá a jìjàkadì. Ìwé àkókò ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tí ilé iṣẹ́ Thomas Cook ń tẹ̀ láti ọdún 1873 parí ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, àmọ́ àwọn kan tó ti ń ṣe é dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 2014. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Jámánì ti dáwọ́ títẹ ìwé ńlá tirẹ̀ dúró ṣáájú ìgbà náà, Amtrak ti Amẹ́ríkà sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2016. Ṣùgbọ́n ní Japan, ìwé àkókò ọkọ̀ ṣì ń jáde lóṣooṣù títí di òní. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn nínú rẹ̀ ni “lóṣooṣù” yẹn. Orúkọ oṣù wà lára èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹni tó bá mú ti oṣù tó kọjá dání mọ ohun tó mú dání.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ ìwé ńlá tó nípọn bí bíríkì ni ẹ ní lọ́kàn, n kò ní bá yín jà. Bébà ẹyọ kan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí ó wà ní gbogbo ibùdókọ̀ àti ní gáréèjì tí àwọn èrò ti ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀, kí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọn yóò tún un wò wà lórí rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní gàdàgbà sí àárín nọ́ńbà àkókò gan-an, níbi tí ẹni tó bá yà á kò ti ní lè gé e kúrò. Kí ti orí fóònù náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí àwọn ìyá àgbà tó wọ ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ọ̀ṣun ṣètò láti Ìddó ní Èkó wá sí Òṣogbo lásìkò ọdún nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà. Púpọ̀ nínú wọn kò ní fóònù tó ń gbé àwòrán, ọ̀pọ̀ ìgbà ni bátìrì ọmọ tó bá wọn wá sì ti kú kí wọ́n tó ronú àtipadà.

Èmi fúnra mi ní ìwé kékeré kan nísinsìnyí, tábìlì tí mo ti ń ká aṣọ ni mo so ó mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá fi àkókò ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo máa ń pè é, n óò béèrè ibi tó ti rí i àti ọjọ́ tó rí i, ìdáhùn méjèèjì yìí ni n óò sì kọ́kọ́ kọ kí n tó kọ àkókò fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò mi kan tó ń lọ sí Èkó wá wò ó, ó bá ojú ìwé kan tí mo kọ àkókò sí láìní déètì, ó sì bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Mo ní ẹni tó fún mi kò mọ ọjọ́ tó jáde. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fa igi sí i lára, ó sì lọ sí ibùdókọ̀ lọ béèrè fúnra rẹ̀.