Bí fsync bá ti yá jù, ẹ fura

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Postgres yín, database tí ẹ ń lò, máa ń kọ̀, kì í dìde mọ́ bí iná bá lọ lójijì, ẹnì kan sì ti ní kí ẹ fi nobarrier sínú fstab, fáìlì tí Linux ti ń ka bó ṣe máa lo dísìkì, kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ lónìí. Ohun tó ń sọ fún ext4, ètò fáìlì Linux, ni pé kó má pàṣẹ flush (kí dísìkì kọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ gan-an) fún dísìkì mọ́. Àfi ẹni tí RAID controller rẹ̀ (káàdì tó ń darí àwọn dísìkì) ní bátìrì nínú ló lè máa fi irú ẹ̀ ṣeré. Àwọn tó ń ṣe XFS, ètò fáìlì míì, tiẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò pátápátá láti kernel (ọkàn Linux) 4.19.

Bí ètò yín bá pe write, inú RAM ni ọ̀rọ̀ náà wà. fsync ló ń tì í dé dísìkì, dísìkì náà sì ní cache (ìrántí ìgbà díẹ̀) tirẹ̀ nínú. Á gbà á síbẹ̀, á ní òun ti ṣe tán, bí ẹni tó ní òun ti ṣe transfer, tí alert ò sì tíì wọlé. Ìdí nìyẹn tí kernel fi ń fi àṣẹ míì tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn: FLUSH CACHE lórí SATA, SYNCHRONIZE CACHE lórí SCSI. Ìgbà tí dísìkì bá dáhùn èyí ni fsync tó yẹ kó padà.

Ibi tó ti bá èmi jà kò ní nobarrier nínú rárá. Sáfà oníṣòwò kan ni, n'Ìbàdàn, dísìkì 7200 rpm nínú àpótí USB. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, tábìlì kan á bàjẹ́. Mo ṣe pg_test_fsync, irinṣẹ́ Postgres tó ń wọn iyára fsync, ó gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fsync wá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Báwo? Dísìkì yẹn kò lè yípo ju ìgbà 120 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá! Mo wo dmesg, àkọsílẹ̀ ohun tí kernel ń sọ, mo rí i: "No Caching mode page found", ó sì tẹ̀ lé e pé "Assuming drive cache: write through". Àpótí yẹn kò jẹ́ kí kernel mọ̀ pé dísìkì ní cache, kernel náà kò sì rán flush kankan.

Mo tú dísìkì náà, mo so ó mọ́ SATA inú ẹ̀rọ. fsync wálẹ̀ sí bíi ọgọ́rin. Oníbàárà pariwo pé ẹ̀rọ òun ti ń fà bí ìgbín. Mo ní kí wọ́n kó INSERT wọn (àṣẹ tó ń fi ìlà kún tábìlì) jọ sínú transaction kan, kí wọ́n sì ṣe commit (fífi pamọ́ pátápátá) lẹ́ẹ̀kan, dípò kí wọ́n máa ṣe é ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó yá padà. Láti ìgbà náà tábìlì kankan ò bàjẹ́ mọ́, iná ò sì dẹ́kun lílọ. Bí owó bá wà, ẹ ra SSD tó ní power loss protection, capacitor inú rẹ̀ á gbé e dé èbúté.

Ẹ má fi Mac yín díwọ̀n o: fsync tibẹ̀ kì í rán flush, F_FULLFSYNC ló ń ṣe é.

Ohun kan tún kù. Bí fsync bá dá error padà, ẹ má tún un pè kí ẹ sì gba "ó ti dára" ẹlẹ́ẹ̀kejì gbọ́. Kernel lè ti ka ojú ewé náà nínú RAM sí èyí tó ti kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn ará PostgreSQL ní 2018, tó fi jẹ́ pé láti 11.2 ni Postgres ti ń PANIC, ìyẹn pé ó ń dá ara rẹ̀ dúró, bí fsync bá kùnà. Nítorí náà, ẹ wo version yín.

Ẹ fi èsì pg_test_fsync àti ohun tó wà nínú /sys/block/sda/queue/write_cache ránṣẹ́, ká wò ó.