Ṣé kí bàbá àgbà gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sórí itan láti gun sìláìdì?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 71 ni mí, Ìbàdàn ni mo sì ń gbé. Nígbà ìsinmi iléèwé, mo mú ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 3, lọ ṣeré ní ọgbà Agodi ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹ̀rù sìláìdì ń bà á, mo bá gbé e sórí itan, àwa méjèèjì sì jọ fi ìdí yọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀rín ni ọmọ náà ń rín, ó ní kí a tún un ṣe. Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí àwòrán wa nínú fóònù, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ó léwu." Ó yà mí lẹ́nu, nítorí èrò mi ni pé èmi gan-an ni mo ń dáàbò bò ó. Ta ni ó tọ́ nínú wa? Orúnkún tí ń dùn mí kò sì jẹ́ kí n lè máa sáré tẹ̀ lé e kiri; eré wo ni mo lè bá a ṣe? (Bàbá Àgbà, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, a dúpẹ́ fún lẹ́tà yín. Ọmọ yín ni ó tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ni ẹ fi ṣe é, tí ọ̀pọ̀ òbí sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èrò kan náà. Bí ọmọdé bá dá yọ̀ wálẹ̀, tí bàtà rọ́bà rẹ̀ sì há mọ́ etí sìláìdì, ara rẹ̀ fúyẹ́, nítorí náà yóò dúró díẹ̀, yóò sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà lórí itan àgbàlagbà, ìwọ̀n ara àgbàlagbà náà ni ó ń ti àwọn méjèèjì lọ sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ yóò há síbi tí ó há sí, ara rẹ̀ yóò ṣì máa lọ, egungun ojúgun rẹ̀ yóò sì lọ́ títí tí yóò fi dá, kí ẹ tó mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù lọ, pàápàá àwọn tí ó ti lé ní ọdún kan tí wọn kò tíì pé méjì.

Ojúgun tí ó bá dá báyìí lè má wú, ó sì lè má wọ́ lójú rárá. Ohun tí ẹ ó kàn rí ni pé ọmọ náà kọ̀ láti fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹ má ṣe fi òrí wọ́ ọ, ẹ má sì gbà fún ẹni tí ó bá ní ẹsẹ̀ kàn rọ́ ni. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí wọ́n ya àwòrán egungun náà.

Bí ẹ̀rù bá ń ba ọmọ, ẹ wá èyí tí kò ga, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì na ọwọ́ sí i nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá ń yọ̀ bọ̀. Sìláìdì tí kò bá lè dá gùn, tí kò sì lè dá sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, kò tíì tó o gùn. Bí ó bá jẹ́ onírin, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín kàn án kí ọmọ tó jókòó lé e, nítorí oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn lè mú un gbóná débi tí yóò fi jó ọmọ nítan. Ó sàn kí ẹ lọ lẹ́yìn agogo mẹ́rin.

Ọgbà ẹranko ni a mọ Agodi sí tẹ́lẹ̀, kí omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 tó gbá ọ̀pọ̀ ẹranko ibẹ̀ lọ. Iṣẹ́ àgbà tí ó bá mú ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà náà kò ju kí ó nàka sí ẹranko lọ. Ti ìsinsìnyí gba ojú púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti orúnkún yín, bojúbojú ni eré tí ó bá yín mu jù. Ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọmọ tí yóò wá àwọn yòókù, ẹ máa dá orin rẹ̀, kí àwọn yòókù máa gbè é bí wọ́n ṣe ń sá pamọ́, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá kí ẹ ṣí i. Ọ̀dọ̀ yín náà ni ilé tí wọ́n ń sá padà sí, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹ ó fi dìde. Bí ọmọ-ọmọ yín bá nìkan wà, àwọn ọmọ mìíràn nínú ọgbà yóò dara pọ̀ kí orin tó parí. Àmọ́, kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ibi tí wọ́n lè sá pamọ́ sí hàn wọ́n, kí ó sì jìnnà sí iwájú àti ẹ̀yìn jangirọ́fà, nítorí ọmọ tí ń sáré bọ̀ wálé kì í wo ohun tí ń fì lọ fì bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.