Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Táyà mọ́tò mi, ṣé ilé ni kí n ti yí i àbí kí n sanwó fún fọkanáísà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla ni mò ń wà, Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni ilé mi, Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Mọ́ńdè dé Fúráìdè ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀. Táyà iwájú méjèèjì ti ń pá, ti ẹ̀yìn ṣì dáa gan-an. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kàn kó ti ẹ̀yìn síwájú kí n kó ti iwájú sẹ́yìn, ó ní kí ni mo fẹ́ máa sanwó fún fọkanáísà sí, pé jáàkì inú búùtù ti tó. Ìyàwó mi ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ, kí n gbé e lọ bá ẹni tó ń ṣe é. Ta ló jàre? (Bàbá Ìbejì, Tákíé)

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìrìn ọ̀nà Ìlọrin o. Ká tó máa wá ẹni tó jàre, ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ wo táyà iwájú yẹn ná. Nínú àwọn kòtò ojú ẹ̀, ẹ máa rí rọ́bà kéékèèké tó dábùú kòtò, tó ga díẹ̀. Tí ojú táyà bá ti jẹ débi tó bá rọ́bà yẹn dọ́gba, ó ti ku milimítà 1.6 nìyẹn, táyà ti parí, kò síbi tẹ́ ẹ gbé e sí tó máa dáa. Àwọn kan á ní ẹ̀yìn ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀yìn yẹn gan-an ló léwu jù lójú omi, torí tí iwájú bá ń yọ̀ ẹ ṣì lè yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù kẹ́ ẹ fọwọ́ mú un, ṣùgbọ́n tí ìdí mọ́tò bá ti fẹ́ ṣáájú orí ẹ̀, ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ò ní rí i ṣe mọ́. Torí ẹ̀ ni tẹ́ ẹ bá ra méjì tuntun, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kó o sí, kẹ́ ẹ kó ti ẹ̀yìn tó ṣì dáa wá síwájú. Mo mọ̀ pé fọkanáísà á bá yín jiyàn, ẹ jẹ́ kó jiyàn ẹ̀ tán.

Yíyí táyà, kí èyí tó pá tí tọ̀hún ò pá ni wọ́n ti ń ṣe é. Corolla, iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, iwájú náà ló ń fà á, òun náà ló ń kọ́ọ̀nà, òun ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú búréèkì, ẹ ò lè retí pé kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa jẹ lọ́gbọọgba. Ní bíi kìlómítà 8,000 sí 10,000 ni kẹ́ ẹ máa yí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rìn tó 100 kìlómítà lójúmọ́, lílọ àti bíbọ̀, oṣù mẹ́rin ni 8,000 yẹn pé.

Ó wá kan ti jáàkì. Ìyàwó yín jàre níbẹ̀. Jáàkì inú búùtù, torí ọjọ́ tí táyà bá jò lọ́nà ni wọ́n ṣe ṣe é, ẹsẹ̀ ẹ̀ kéré, ilẹ̀ pupa àgbàlá wa yìí sì wà níbẹ̀, tí òjò bá ti rọ̀ sí i mọ́jú, ẹ ó kàn máa wo jáàkì tó ń rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀díẹ̀ ni, mọ́tò á sì bá a lọ. Èyí tó tún ń bí mi nínú ni ti búlọ́ọ̀kù. Wọ́n á gbé búlọ́ọ̀kù sábẹ́ mọ́tò, wọ́n á láwọn ti fi nǹkan tì í, búlọ́ọ̀kù kì í dágbére kó tó fọ́ o, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń fọ́. Tẹ́ ẹ ò bá ní sítáńdì irin tó ń gbé mọ́tò dúró àti ilẹ̀ kọnkéré tó tẹ́jú, ẹ lọ sanwó jàre, owó iṣẹ́ yẹn ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó táyà kan.

Tí ilẹ̀ yín bá dáa tẹ́ ẹ sì fẹ́ ṣe é ṣá, ọgbọ́n kan wà tí kò fi ní pọn dandan kẹ́ ẹ gbé ju igun kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, sípíà táyà ni, kó ṣáà ti jẹ́ sáìsì kan náà, kí afẹ́fẹ́ sì wà nínú ẹ̀. Ẹ fa háńdì-búréèkì, ẹ fi jíà sí P, ẹ fi òkúta dènà àwọn táyà tó kù, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáàkì í. Ẹ yọ ti ẹ̀yìn òsì, ẹ fi sípíà síbẹ̀. Ti ẹ̀yìn òsì yẹn, iwájú ọ̀tún ló ń lọ. Ti iwájú ọ̀tún, ẹ̀yìn ọ̀tún. Ti ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú òsì. Ti iwájú òsì á wá gba ipò sípíà, sípíà á padà sí búùtù. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lẹ máa jáàkì, ó máa làágùn. Tí nọ́ọ̀tì bá yí lọ sábẹ́ mọ́tò, ẹ fi igi fà á jáde, ẹ má ki orí bọ̀ ọ́. Ọwọ́ lásán lẹ máa fi kọ́kọ́ di nọ́ọ̀tì, tó bá ń ta kú lọ́wọ́, ó ti gbabòdì, ẹ tú u. Tẹ́ ẹ bá wá fi sípánà sí i, èyí tó dojú kọ ara wọn ni kẹ́ ẹ máa dì tẹ̀lé ara wọn, ẹ má tò ó yípo. Tẹ́ ẹ bá lọ Ìlọrin tẹ́ ẹ bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún gbé sípánà ká gbogbo ẹ̀, ó máa ń dẹ̀ díẹ̀, ẹni tó sanwó náà gbọ́dọ̀ ṣe ìyẹn.

Lọ́dọ̀ fọkanáísà, ẹ má jókòó sínú mọ́tò máa tẹ fóònù. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti wá sí i lára, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ tí wọ́n tún dá wọn padà síbi tí wọ́n ti yọ wọ́n, wọ́n sì gbowó. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà, àárọ̀ tí táyà ṣì tutù lẹ ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹ sì wo bó ṣe ń jẹ: tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, àláímẹ́ǹtì ni, táyà ò dúró gún mọ́, yíyí ò lè wò ó. Tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ tí àárín dúró, afẹ́fẹ́ ń kéré. Tó jẹ́ àárín nìkan, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, fọkanáísà mi fi páìpù sórí sípánà, ó tún fẹsẹ̀ gùn ún, ó ní kó lè le dáadáa. Táyà wá jò lọ́nà Ọ̀yọ́, mi ò rí nọ́ọ̀tì kankan tú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí? (Tíṣà kan, Ọ̀yọ́)

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Tíṣà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ o, irú agbára bẹ́ẹ̀ máa ń fa bóòtù gùn, ó sì lè já. Sípánà inú búùtù yín ni kó fi dì í, lójú yín, kẹ́yin náà sì dán an wò bóyá ẹ lè tú u kó tó gbowó. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ tó jáàkì, ẹ fi sípánà sí nọ́ọ̀tì kó nà sọ́wọ́ òsì, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ má fò lé e.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọ̀sán sà, táyà mi ní ọfà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣé mo lè yí i bíi táyà yòókù? Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá tòkunbọ̀ tí mo fẹ́ rà ti gbó? (Ọmọ LAUTECH)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ọfà yẹn ni ibi tí táyà gbọ́dọ̀ máa yí sí, torí náà ti ọ̀tún ò gbọdọ̀ lọ sósì, iwájú sí ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà ni. Ti gbígbó, wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára ẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni kó o kà: 2319, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tí ẹni tó ń tà á bá ti fi ọ̀bẹ ha nọ́ńbà yẹn kúrò, fi táyà ẹ̀ sílẹ̀ fún un.