Ìdérí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá ìgò oníke ṣeé gbára lé ju onígíláàsì lọ fún ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fẹ́ tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún ní -80°C. Ike polypropylene ni èmi yóò mú, nítorí pé gíláàsì lè sán bí òtútù bá mú un lójijì. Ṣùgbọ́n ìdérí ló máa ń dójú tini jù. Bí ike ìdérí bá yàtọ̀ sí ti ara ìgò, wọn kì í sún kì bákan náà nínú òtútù, àlàfo tó bá sì yọ láàárín wọn ni nǹkan ń gbà jò.

Ẹ má ṣe bu ẹ̀jẹ̀ kún un dé ẹnu, torí omi máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 bó bá di yìnyín. Nínú ìgò mílílítà 2, mi ò kì í kọjá 1.8.

Bí ẹ bá máa lo nitrogen olómi, tó tutù dé -196°C, inú gáàsì tutù tó wà lókè rẹ̀ ni kí ẹ kó wọn sí. Nitrogen olómi tó bá yọ́ wọ inú ìgò yóò di gáàsì bí ẹ bá yọ ìgò náà síta, yóò sì fẹ̀ ní ìlọ́po bí 700. Ọ̀kan bú gbàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí, ìdérí rẹ̀ lọ bá àjà.

Kí ẹ tó ra púpọ̀, ẹ bu omi sínú mẹ́wàá, ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé òṣùwọ̀n, ẹ dojú wọn dé nínú fìríìsà mọ́jú, kí ẹ sì tún wọn wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ́. Èyí tó bá fúyẹ́ sí i ti jò.